Ariwo mẹ́ta nínú ẹ̀rọ gìtá kan ní Àjàṣẹ́

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fi ọmọlanke tì í dé ẹnu ọ̀nà àtẹlíyè mi, ilé iṣẹ́ tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, nítorí kò sí oní-zémì kan, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, tó gbà láti gbé e sẹ́yìn. Ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn gìtá sókè ni, èyí tí a ń pè ní ampilí, irú ti àtijọ́ tó ń fi láńpù ṣiṣẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Nàìjíríà a máa pe láńpù yìí ní fáfù. Ẹnu Faransé ni àwa ará Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Bénin, ti gba tiwa. Sípíkà mẹ́rin ló wà nínú àpótí náà, ó sì wúwo débi pé èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi mí hẹlẹhẹlẹ kí a tó gbé e ka orí tábìlì. Bàbá tó ni ín ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà èwe wọn, gìtá ni wọ́n ń ta nínú ẹgbẹ́ olórin kan, lásìkò tí ẹgbẹ́ olórin Poly-Rythmo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kútọnu ní 1968, ń mi ilẹ̀ wa tìtì. Kí Dahomey tó di Bénin ní 1975 ni wọ́n ti ra ẹ̀rọ yìí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi."

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ẹ jókòó."

Wọn ò tíì jókòó tán tí wọ́n fi gbé ẹjọ́ kalẹ̀. "Ó ń kùn. Ó ń kùn bí ilé oyin. Wọ́n ti bá mi pààrọ̀ gbogbo láńpù inú rẹ̀ lóṣù méjì sẹ́yìn, owó mi lọ, ìkùn ò lọ. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n jẹ́ kí àwọn ra tuntun. Èyí ni mo fẹ́."

Mo fẹ́ ro gbogbo bí a ṣe wá ariwo náà rí, fún ẹ̀yin tí ẹ ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe àti ẹ̀yin tí ẹ ní in nílé. Ohun kan wà tó ń dùn mí nínú iṣẹ́ wa yìí. Bí ẹ̀rọ bá ti ń pariwo, láńpù la máa ń kọ́kọ́ yọ dànù, nítorí pé òun ló rọrùn láti yọ, oníbàárà á sì fojú rí i pé a ṣe nǹkan. A kì í bi ẹ̀rọ léèrè ibi tó ti ń dùn ún. Ariwo máa ń ní ibi tó ń gbé. Ẹni tó bá fara balẹ̀ á lé e láti yàrá dé yàrá títí á fi bá a lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Tí ariwo bá wá ju ẹyọ kan lọ, bíi ti Bàbá yìí, gbogbo wọn á dápọ̀ di ohùn kan ṣoṣo, débi pé bí èèyàn bá mú ọ̀kan kúrò, á rò pé òun ò tíì ṣe nǹkan kan.

Kí n tó ṣí ohunkóhun, mo fi sí iná, mo jẹ́ kó móoru, mo jókòó tì í. Mi ò fi gìtá sí i. Ó kùn: hùùùù, ohùn tó nípọn, tí kò gòkè tí kò sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ-ọmọ Bàbá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lápá Wándò, bá wọn wá pẹ̀lú gìtá rẹ̀. Mo ní kó tẹ okùn tó nípọn jù ní ojú kẹta lọ́rùn gìtá, kó ta á bẹ́ẹ̀ láìfi gìtá náà sínú ẹ̀rọ. Ó ta á. Bàbá dẹtí sílẹ̀, wọ́n di ojú.

"Ohùn kan náà ni. Àmọ́ ti ẹ̀rọ fi bíńtín ga ju ti gìtá lọ."

Inú mi dùn. Ojú kẹta lórí okùn yẹn ń gbọ̀n ní ìgbà 98 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná tó ń wọ ilé wa ní Bénin ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, láńpù tó ń yí i sí iná ọ̀nà kan nínú ẹ̀rọ, GZ34 ni ti èyí, a sì máa kó àlọ àti àbọ̀ náà sí ojú kan, ni 50 fi ń di 100. Lẹ́yìn láńpù yẹn ni àwọn kọ̀ndẹ́ńsà ńlá wà, asẹ́ ni wọ́n. Bí èèyàn ṣe ń sẹ́ ògì ni wọ́n ṣe ń sẹ́ iná náà kó lè jọ̀lọ̀. Bí asẹ́ bá ya, èérí á bọ́ sínú ògì, èérí yẹn la sì ń gbọ́ lẹ́nu sípíkà ní 100. Ká ní 50 ni Bàbá gbọ́, ohùn kan náà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, wáyà tó ń mú inú láńpù gbóná tàbí wáyà ilẹ̀, èyí tó ń kó iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, ni ǹ bá kọ́kọ́ fura sí. Mi ò tíì tú ìdè kan, mo ti mọ àdúgbò tí olè ń gbé.

Mo sọ fún Bàbá pé ó dà bíi pé mo ti mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mi orí. "Èyí nìkan kọ́, ọmọ mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún máa ń ké bíi kòkòrò. Tó bá sì pẹ́ lórí iná, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí àgbàdo inú ìkòkò gbígbóná."

Oníbàárà tó bá lè ṣàpèjúwe báyìí, ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún èèyàn. Ọjọ́rú ni wọ́n ń ṣe ìdánrawò. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e padà síbẹ̀, kí n lè gbọ́ ọ níbi tó ti ń ṣàìsàn.

Ohun tí mo gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kò sí ní àtẹlíyè mi rárá: zzzzz tó mú bí abẹ, lórí ìkùn tó nípọn yẹn. Mo fa gìtá yọ. Zzzzz dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ìkùn tó nípọn ṣẹ́kù. Mo dá gìtá padà, mo ní kí ọmọkùnrin náà dìde dúró kó máa yí díẹ̀díẹ̀, láìta okùn kankan. Nígbà tó kọjú sí pẹpẹ, ariwo náà pọ̀; nígbà tó fi ẹ̀gbẹ́ sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́; nígbà tó kọ ẹ̀yìn sí i, ó tún padà. Ariwo tó bá ń tẹ̀ lé ìdúró onígìtá, ojú afẹ́fẹ́ ló ti ń bọ̀. Òòfà tí wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ló wà lábẹ́ okùn gìtá. Irú tó wà lára gìtá yìí, tó jẹ́ ìdì wáyà kan ṣoṣo, kò mọ okùn yàtọ̀ sí ohun mìíràn tó bá ń gbọ̀n ládùúgbò. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbé. Irú mìíràn wà tó ní ìdì méjì tí wọ́n dojú ọ̀kan dé èkejì, kí ariwo ìta lè pa ara rẹ̀ kú láàárín wọn.

Mo wòkè. Fáànù mẹ́fà ló ń yí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bọ́tìnnì rìbìtì lára ògiri tí wọ́n fi ń dín eré rẹ̀ kù. Mo ní kí wọ́n pa gbogbo fáànù. Zzzzz lọ. Mo ní kí wọ́n tan gbogbo rẹ̀ padà, kó máa sá eré àsápajúdé. Zzzzz kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Wọ́n dín eré kù sí ìdajì: ó padà dé, ó sì gbóná ju ti ìṣáájú lọ. Bọ́tìnnì ìgbàlódé wọ̀nyí kì í dín iná kù bí èèyàn ṣe ń dín omi kù lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Ńṣe ni wọ́n ń gé e. Ní gbogbo ìgbà tí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, wọ́n á tún ṣí i gbàgà láàárín. Ṣíṣí òjijì yẹn ló ń ké. Wáyà ara ògiri á gbé igbe náà káàkiri, gìtá á sì gbà á. Àwọn bọ́tìnnì ńlá ti àtijọ́ tó ní ìdì wáyà nínú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì rí méjì nínú ilé ẹrù wọn, wọ́n fi wọ́n sí fáànù tó wà lókè àwọn akọrin, wọ́n sì gbà pé ìyókù á máa sá eré kíkún bí orin bá ń lọ. Èmi fi bébà bàbà, irú tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, lẹ́ inú ihò gìtá náà yíká, mo sì so ó mọ́ wáyà ilẹ̀ rẹ̀. Ariwo àkọ́kọ́ parí níbẹ̀, wọn ò sì tíì ná ẹgbẹ̀rún márùn-ún fáráǹkì.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó tẹ̀ lé e yìí ló ṣe pàtàkì jù fún mi nínú gbogbo ìtàn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ariwo gan-an. Bí mo ṣe ń palẹ̀ mọ́, ọmọkùnrin náà sọ ọ́ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan: "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá ń kọrin tí ètè mi bá kan máíkù, ó máa ń ta mí bí èèrùn." Ọwọ́ mi dúró. Mo mú mítà tí mo fi ń wọn iná, mo fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kan irin máíkù, mo fi èkejì kan okùn gìtá. Fóòtì, ìwọ̀n agbára tó ń ti iná, jẹ́ 96.

Wáyà iná ẹ̀rọ Bàbá, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, kò ní ti ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà, wọ́n á sì tún fi kọ̀ndẹ́ńsà kékeré kan so wáyà iná mọ́ irin ara ẹ̀rọ láti fi pa ìkùn. Bí kọ̀ndẹ́ńsà yẹn bá wà ní pípé, á máa tani lásán. Lọ́jọ́ tó bá jó tí iná inú rẹ̀ papọ̀, gbogbo fóòtì 230 ló máa wà lára okùn gìtá, ètè olórin á sì wà lára máíkù tó kanlẹ̀ dáadáa. Èèyàn ń kú báyìí. Mo ti gbọ́ táwọn onígìtá ń gbara wọn nímọ̀ràn pé bí ẹ̀rọ bá ń kùn, kí a gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ kúrò, ìkùn á dín. Ẹ má ṣe é láéláé. Ìkùn kì í pa ẹnikẹ́ni.

Mo gé kọ̀ndẹ́ńsà náà kúrò, mo so wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mọ́ ẹ̀rọ, mo fi ti ilẹ̀ dè mọ́ irin pẹ̀lú ìdè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí mo sì yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lápá àwọn onílù wò, irin ilẹ̀ yọ síta lójú rẹ̀ dáadáa bí ó ṣe yẹ kó rí, ṣùgbọ́n kò sí wáyà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀ṣọ́ lásán ni. Apá pẹpẹ nìkan ni wọ́n so mọ́lẹ̀. Oníná ṣọ́ọ̀ṣì bá wọn fa wáyà dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo padà lọ wọn máíkù àti gìtá: òdo.

Ọjọ́bọ̀ ni a gbé ẹ̀rọ padà sí àtẹlíyè, tí mo sì ṣí i wò délẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi dé ibí, kó mọ̀ pé fóòtì 455 ló wà nínú àwọn kọ̀ndẹ́ńsà asẹ́ wọ̀nyẹn, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iná. Rẹsísítọ̀, ohun kékeré tó ń dín bí iná ṣe ń sáré kù, kílò-ómù 10, wáàtì 5, tí mo rán mọ́ wáyà méjì tó ní rọ́bà nípọn, ni mo fi ń tú iná wọn sílẹ̀, mítà á wà lórí wọn títí á fi wálẹ̀ sí fóòtì díẹ̀. Bí mo bá ń wọn ẹ̀rọ nígbà tó wà lórí iná, ọwọ́ òsì mi á wà nínú àpò. Ọmọ iṣẹ́ mi rò pé àṣà tèmi lásán ni, títí mo fi ṣàlàyé fún un pé iná tó bá gba ọwọ́ kan wọlé tó gba èkejì jáde, àárín méjèèjì ni ọkàn wà. Ohun kan tún wà: ẹ má ṣe tan irú ẹ̀rọ yìí láìso sípíkà mọ́ ọn, tíránsífọ́mà rẹ̀ lè jó.

Inú rẹ̀ dọ̀tí. Ọ̀rinrin ọ̀sà wa yìí ò fi irin sílẹ̀, ẹsẹ̀ láńpù ti ṣú, ẹyin aáyán sì wà lábẹ́ pátákó. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ọtí olóró nu ihò láńpù gbogbo àti ẹnu ihò tí wáyà gìtá ń wọ̀. Ìmọ́tótó nìyẹn, mi ò tíì ka ìyẹn sí ìwòsàn.

Láńpù inú ẹ̀rọ yìí tẹ̀ léra bí àwọn tó ń gbé omi láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àwọn 12AX7 wà níwájú, wọ́n ń gba ohùn kékeré láti inú gìtá, wọ́n ń sọ ọ́ di ńlá. 12AT7 kan wà tó ń pín ohùn náà sí méjì. 6L6GC méjì ló wà lẹ́yìn tó ń ti sípíkà. Mo kọ́kọ́ yí fólúmù sílẹ̀ dé òdo. Ìkùn ò yí padà. Ó jẹ́ pé ẹ̀yìn fólúmù ló wà. Mo pa ẹ̀rọ, mo yọ 12AT7 tó ń pín ohùn, mo tan án padà. Ọ̀nà ti já báyìí, ohunkóhun tó bá wà níwájú kò lè dé sípíkà mọ́. Ìkùn wà níbẹ̀ digbí. Yàrá tó gbẹ̀yìn nìkan ló kù.

Àwọn 6L6GC méjèèjì ń ṣiṣẹ́ bí ẹni méjì tó ń fa ayùn: bí ọ̀kan ṣe ń fà ni èkejì ń dẹ̀. Ohun rere kan wà nínú ètò yìí. Bí èérí bá wà nínú iná, ìwọ̀n kan náà ló máa wọ inú àwọn méjèèjì, wọ́n á sì fà á síra wọn bí ẹgbẹ́ méjì tó ń fa okùn pẹ̀lú agbára kan náà. Okùn ò ní sún, sípíkà ò ní gbọ́. Bí ọ̀kan bá wá lágbára ju èkejì lọ, ìkùn yọ nìyẹn. Mo wọn iná tó ń gba inú wọn. Ọ̀kan ń gba mílí-áńpù 34, èkejì 58.

Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, láńpù kejì ti bàjẹ́." Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wa ì bá ṣe sọ. Mo ní kó fi ipò wọn ṣe pàṣípààrọ̀. Ó fi wọ́n ṣe é. 58 dúró sí ipò tó wà tẹ́lẹ̀, láńpù tó ń gba 34 tẹ́lẹ̀ ló wá ń gba á. Láńpù ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìjókòó ló ní àrùn.

Láńpù wọ̀nyí ní ìjánu bíi ti ẹṣin. Fóòtì tó wà nísàlẹ̀ òdo ni wọ́n fi ń dì wọ́n mú kí wọ́n má baà sáré pa ara wọn. Mo yọ àwọn méjèèjì, mo wọn ìjánu lójú ihò: fóòtì 50 nísàlẹ̀ òdo ní apá kan, 43 ní apá kejì. Ìjánu kejì ti dẹ̀. Kọ̀ndẹ́ńsà kékeré kan, ìdá kan nínú mẹ́wàá máíkírò (òṣùwọ̀n iná tí kọ̀ndẹ́ńsà lè gbà), ló wà láàárín ìjókòó yẹn àti 12AT7. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ohùn kọjá kí iná ọ̀nà kan má kọjá. Mo tú ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, mo fi mítà wọ̀n ọ́n: mítà ní kò sí nǹkan kan tó ń kọjá, pé kọ̀ndẹ́ńsà náà dára. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe tú ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀ tí mo sì tan ẹ̀rọ, ìjánu padà sí 50.

Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi kó wá wo eléyìí dáadáa. Bátìrì kékeré ni mítà fi ń yẹ kọ̀ndẹ́ńsà wò, fóòtì díẹ̀ péré. Nínú ẹ̀rọ, ohun tó lé ní fóòtì 270 ló wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ògiri tó bá gbára dì fún ọmọdé tó fara tì í lè ṣàì gbára dì fún màlúù. Ohun tó ń jò gba inú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ogún mílí-áńpù kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó gba rẹsísítọ̀ kílò-ómù 220 kọjá, ó jẹ fóòtì méje lára ìjánu. Láńpù tuntun tí wọ́n ra fún Bàbá lóṣù méjì sẹ́yìn, lórí ìjókòó tó ń jò ni wọ́n gbé e kà. Fóòtì 455 pẹ̀lú mílí-áńpù 58, ó ń gbé wáàtì tó lé ní 26 láìṣiṣẹ́ kankan, nígbà tó jẹ́ pé 30 ni òpin agbára rẹ̀. Ká ní wọ́n tún ra òmíràn, òun náà á tún jó lọ.

Mo pààrọ̀ kọ̀ndẹ́ńsà méjèèjì fún ti ìgbàlódé oní fóòtì 630, nítorí pé ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n. 35 àti 36 ni mo bá nínú láńpù. Ìkùn dín kù ju ìdajì lọ.

Èyí tó kù, asẹ́ ló ni ín. Èérí tó wà lórí kọ̀ndẹ́ńsà àkọ́kọ́ jẹ́ fóòtì 15. Ó yẹ kó wà ní 6 tàbí 7 nínú ẹ̀rọ báyìí. Wọ́n ti gbẹ, omi inú ọ̀kan ti ṣàn jáde lẹ́nu rẹ̀, ó le bí oje igi. Mo rán èèyàn gba ibodè Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Alábà ní Èkó, ó bá mi ra wọn. Ó tún gbé àwọn mìíràn tó tóbi gan-an wá, nítorí pé ẹni tó tà á ní bó bá ṣe tóbi tó ni ìkùn ṣe máa kú tó. Mi ò lò wọ́n. GZ34 ní òpin ohun tó lè kún lẹ́ẹ̀kan, máíkírò 60 ni, nítorí ìgbà gbogbo tí a bá tan ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ pọn omi kún ìkòkò yẹn. Ìkòkò tó bá ju agbára rẹ̀ lọ á ba láńpù jẹ́. Oní-máíkírò 82 méjì ni mo tò léra, èyí tó sọ wọ́n di 41, rẹsísítọ̀ kílò-ómù 220 sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè pín fóòtì náà lọ́gbọọgba. Èérí wálẹ̀ sí 6. Mo gbé etí mọ́ sípíkà kí n tó gbọ́ ìkùn kankan.

Ó ku àgbàdo.

Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí a tan ẹ̀rọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀: ta, tata, dídákẹ́, tatata. Ariwo tí kò dúró lójú kan ló ṣòro jù láti mú. Mo yí fólúmù méjèèjì dé òdo, ó ṣì ń ta. Mo yọ 12AX7 kejì, ó dákẹ́. Mo fi òmíràn tí mo mọ̀ pé ó dára síbẹ̀, ó padà. Ẹ ò rí i pé láńpù tún bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn? Fólúmù ò kàn án, láńpù fúnra rẹ̀ ò kàn án, ìdajì kejì láńpù yẹn ló kàn, níbi tí ohùn ti ń jáde lẹ́yìn fólúmù. Mo mú ọ̀pá ọparun gbígbẹ, mo fi ń lu ojú ìjóòjé, níbi tí wọ́n ti fi òjé yíyọ́ lẹ wáyà pọ̀, àti wáyà níkọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́. Ìjóòjé tó bá ti já á dáhùn nígbà tí a bá kàn án. Kò sí èyí tó dáhùn.

Mo mú irin ìjóòjé gbígbóná, mo gbé e sún mọ́ rẹsísítọ̀ kílò-ómù 100 tó ń fún ìdajì náà ní iná, mi ò jẹ́ kó kàn án, mo dúró. Ka tó ka mẹ́wàá, tatatatatata, bí ẹni tó da àgbàdo sórí yanrìn gbígbóná. Mo gbé irin kúrò, ó rọlẹ̀. Mo tún gbé e sún mọ́ ọn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi pariwo, ó fọwọ́ lé orí. Irú rẹsísítọ̀ àtijọ́ yìí, lẹ́búlẹ́bú èédú tí wọ́n ṣù pọ̀ ni. Láti àádọ́ta ọdún wá, ooru àti ọ̀rinrin ti wọ inú rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú náà ò di ara wọn mú gírígírí mọ́, iná sì ń fò láti ẹyọ dé ẹyọ. Mo tú u, mo wọ̀n ọ́n: 131 dípò 100. Mo fi irú tí wọ́n fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe, oní wáàtì kan, rọ́pò rẹ̀ àti ìkejì rẹ̀ lára láńpù kan náà. Àwọn kan máa ń pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi fi àwọn yòókù sílẹ̀, nítorí mo wọ̀n wọ́n, mo gbé irin sún mọ́ wọn, wọ́n dákẹ́. Ẹ̀rọ Bàbá ni, ohùn tí Bàbá mọ̀ ni mo fẹ́ kó máa sọ. Wákàtí mẹ́ta la fi sílẹ̀ lórí iná lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò ta.

Bàbá wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n ní kí n tan án kí n má fi gìtá sí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé etí sún mọ́ sípíkà, wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

"Mo ṣì ń gbọ́ ṣíííí díẹ̀."

"Ẹ máa gbọ́ ọ, Bàbá. Èémí rẹ̀ nìyẹn. Ohunkóhun tó bá gbóná, iná inú rẹ̀ ò lè dúró jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ pé kò mí rárá, ẹ jẹ́ pé ó ti kú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba gìtá lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ mi, wọ́n ta okùn tó nípọn jù ní ojú kẹta, wọ́n jẹ́ kó dún títí ó fi kú. Wọ́n tún ta á. Ìka wọn gbọ̀n díẹ̀, ohùn náà ò gbọ̀n.

Mo kó àwọn nǹkan tí mo yọ sínú ọ̀rá kan fún wọn: kọ̀ndẹ́ńsà mẹ́fà, rẹsísítọ̀ méjì, wáyà ẹlẹ́sẹ̀ méjì náà. Mo kọ gbogbo òǹkà sórí páálí kékeré kan, 455, ìjánu 50 àti 50, 35 àti 36, èérí 6, pẹ̀lú ọjọ́ tí a ṣe é, mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí lẹ́yìn sípíkà, níbi tí ẹni tó bá tún ṣí i ti máa kọ́kọ́ rí i.